Ìlú Tó Dá Páropáro, Olè Ní Í Gbà Á



Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní Èkìtì. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, wọ́n dá bọ́ọ̀sì ilé-ìwé lọ́nà nítòsí Èmùré, wọ́n kó àwọn ọmọ, àwọn olùkọ́ àti awakọ̀ wọn lọ. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni awakọ̀ náà.

Kí ló fà á? Láti ìgbà tí owó epo ti dé lẹ́yìn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi oko kókó sílẹ̀ wá sí ìlú ńlá. Àwọn arúgbó ló kù nílé. Igbó bo ọ̀nà oko, ọ̀dà títì ṣí. Níbi tí kòtò bá wà, awakọ̀ á rọra. Ibẹ̀ gan-an ni agbébọn ń dúró sí.

Àmọ̀tẹ́kùn dé ní 2020, wọ́n ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ta ọdẹ lólobó ní abúlé tí kò sí ènìyàn?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni kí á béèrè. Kí ìjọba dí kòtò ojú ọ̀nà. Kí ọ̀gá má lé awakọ̀ tó bá kọ ìrìn òru. Kí gáréèjì kọ orúkọ èrò sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra.

Owó oṣù tí à ń jà fún, kí la fẹ́ fi ṣe bí ọ̀nà ilé bá di ti olè?