Iṣẹ́ Balógun Nígbà tí Bọ́ọ̀lù Bá Gbóná
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Sẹkọna

 A kò pè yín jọ láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kí a tó dìbò yan balógun fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ẹ̀ka wa, ó yẹ kí a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ síra wa.

Gbogbo wa la rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìdíje tó kọjá. A ti fi góòlù kan ṣíwájú. Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí bọ́ọ̀lù parí ni rẹfirí fún ẹgbẹ́ kejì ní pẹ́nárítì. Àwa ya bo rẹfirí, balógun wa ló sì ṣíwájú. Òun fúnra rẹ̀ ti gbà bẹ́ẹ̀. Kí a tó mọ̀, wọ́n ti lé ọmọ wa méjì jáde. Wọ́n gbá pẹ́nárítì wọlé, wọ́n tún fi òmíràn lé e. Ìbínú wa ló pa wá.

Ẹ jẹ́ kí a wo ti Super Eagles. Ní ọjọ́ 7 oṣù Fẹ́búárì ọdún 2024, ní ìlú Bouaké ní Côte d'Ivoire, Nàìjíríà àti South Africa pàdé nínú ìdíje ife Áfíríkà, ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Balógun Nàìjíríà, William Troost-Ekong, gbá pẹ́nárítì wọlé ní ìṣẹ́jú 67. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ó parí, Victor Osimhen tún gbá a sáwọ̀n, a ti ń jó pé ó di méjì. Àfi bí rẹfirí ṣe lọ wo àwòrán lórí ẹ̀rọ, tó ní ọmọ wa kan ti gbé ẹni South Africa ṣubú nítòsí ilé tiwa ṣáájú ìgbà náà. Ó fagi lé góòlù wa, ó fún wọn ní pẹ́nárítì. Wọ́n gbá a wọlé, ó di 1–1.

Ẹgbẹ́ mìíràn ì bá tú ká. Àwọn ọmọ wa gbá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí wọ́n fi kún un, a kò sì lé ẹnikẹ́ni nínú wọn jáde. Nígbà tó kan gbígbá pẹ́nárítì, balógun kò sá sẹ́yìn. Ó tún gbá tirẹ̀ wọlé. Stanley Nwabali tó ń ṣọ́ ilé mú méjì, Nàìjíríà sì borí pẹ̀lú 4–2.

Òfin bọ́ọ̀lù kò fún balógun ní àǹfààní tó ju ti àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n ó gbé ìwà ẹgbẹ́ rẹ̀ lé e lọ́rùn. Ní ìdíje Yúróòpù ọdún 2024 ní Jámánì, balógun nìkan ni wọ́n gbà láyè kó lọ bi rẹfirí léèrè ọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn tó bá lọ yí i ká lè gba yẹ́lò káàdì. Ọgbọ́n wà níbẹ̀: ẹnì kan gbé ẹjọ́ lọ, àwọn mẹ́wàá yòókù ráyè tún ara wọn tò. Níbi iṣẹ́ náà, gbogbo wa kọ́ la ń ya bo máníjà. Aṣojú la ń rán.

Ẹ̀yin dírẹ́bà mọ èyí. Bí táyà bá bẹ́ lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán sí Òṣogbo, ojú dírẹ́bà ni èrò ń wò. Bó bá di ọwọ́ ọkọ̀ mú dáadáa, tí kò tẹ bíréèkì lójijì, wọ́n á délé.

Ohun tí a ń fẹ́ lọ́wọ́ balógun nìyí. Bí rẹfirí bá fọn fèrè, kí òun nìkan lọ. Bí góòlù bá wọlé wa, kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù wá sáàárín, kó rọra rìn, kó máa sọ ẹni tí oníkálukú yóò ṣọ́ fún un. Kó dúró ti ẹni tó ṣàṣìṣe, kó má bú u. Bí inú òun fúnra rẹ̀ bá ń ru, kó fi ọ̀rọ̀ lé igbákejì lọ́wọ́.

Ẹ rántí pé òṣìṣẹ́ ni wá. Ẹni tó bá fọwọ́ ṣẹ́ níbi ìjà ní Sátidé, ta ni yóò bá a di ọwọ́ ọkọ̀ mú ní Mọ́ńdè? Ta ni yóò bá a dúró ti ẹ̀rọ?

Ìbínú kò ṣe nǹkan fún ni. Sùúrù ni baba ìwà. Ẹ má torí pé ẹnì kan mọ bọ́ọ̀lù gbá jù kí ẹ dìbò fún un. Ẹni tí ojú rẹ̀ kì í pọ́n nígbà tí ọ̀ràn bá dé ni kí ẹ yàn.