Àṣẹ Kékeré Tí Ń Ṣe Àkóso Ara



Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ohun tí ó kéré ju abẹ́rẹ́ lọ jìnnà ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Sẹ́ẹ̀lì, tí ojú lásán kò lè rí, ni a fi kọ́ ara ènìyàn. Púpọ̀ nínú wọn ti gba iṣẹ́ tiwọn: òmíràn di ẹ̀jẹ̀, òmíràn di awọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí a ń pè ní sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀. Àwọn wọ̀nyí a máa bí irú ara wọn, kí wọn má bàa tán. Wọn a sì máa bí àwọn tí yóò gba iṣẹ́. Bí gbogbo wọn bá gba iṣẹ́ tán, ta ni yóò rọ́pò èyí tí ó kú? Bí gbogbo wọn bá sì kọ̀ láti dàgbà, ara bàjẹ́.

Inú sẹ́ẹ̀lì dàbí ààfin. Ìwé àṣẹ ìran wà ní ìyẹ̀wù, kì í jáde; oníṣẹ́ ni ń gbé ẹ̀dà rẹ̀ lọ fún àwọn òṣìṣẹ́. RNA kékeré, tí kò ju lẹ́tà bí 22 lọ, ni ó ń dá oníṣẹ́ náà dúró lọ́nà. Lẹ́tà ara rẹ̀ bá apá kan ìwé oníṣẹ́ mu. Nípa èyí ni ó fi ń mọ ẹni tí yóò dì mú, iṣẹ́ náà kò sì ní jẹ́ mọ́.

Ní 1993, Victor Ambros àti Gary Ruvkun pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà fi èyí àkọ́kọ́, lin-4, hàn nínú aràn kan tí kò gùn ju nǹkan bí mìlímítà 1 lọ. Níbi tí lin-4 kò sí, àwọn sẹ́ẹ̀lì a máa tún iṣẹ́ ìgbà èwe ṣe, wọn kò sì mọ̀ pé ìgbà ti yí padà. Àwọn púpọ̀ rò pé ọ̀ràn aràn lásán ni. Ṣùgbọ́n ní 2000 a rí òmíràn, let-7, a sì bá a nínú ènìyàn pẹ̀lú. Nínú sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, pròtéènì LIN28 kì í jẹ́ kí let-7 gbó. Nígbà tí LIN28 bá dínkù, let-7 a gbilẹ̀, sẹ́ẹ̀lì a sì mú ọ̀nà iṣẹ́ pọ̀n.

Ọ̀ràn yìí kàn wá gidigidi. Nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, let-7 a máa ṣọ̀wọ́n. Àwọn oníṣẹ́ tí ìbá dá dúró ń lọ fàlàlà, sẹ́ẹ̀lì sì ń bí sí i láìdúró.

Ní 2024 ni a fi Ẹ̀bùn Nobel dá Ambros àti Ruvkun lọ́lá. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá jókòó ti aràn inú ilẹ̀, tí ó ń wò ó láti òwúrọ̀ di alẹ́, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ.