Ẹyẹ Kékeré Etí Òkun àti Ẹ̀rọ Ìyàwòrán



Nígbà ọyẹ́, bí odò Ọ̀ṣun bá fà tí iyanrìn hàn létí rẹ̀, ẹyẹ kékeré kan a máa rìn níbẹ̀, a máa ju ìrù sókè sódò. Àlejò ni, ilẹ̀ Yúróòpù ni ó ti wá. Ó ní ìbátan kan létí òkun, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní sanderling. Òun ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lónìí.

Ẹyẹ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo ju ẹyin adìẹ kan lọ, síbẹ̀ ìhà àríwá ayé, ní ilẹ̀ yìnyín Greenland àti Siberia, ni ó ń yé sí. Bí ìgbì bá fà sẹ́yìn, a sáré tẹ̀lé e láti ṣa oúnjẹ. Bí ìgbì bá padà, a sáré níwájú rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ya àwòrán rẹ̀, kí ó má ṣe lé e. Kí ó dé ibẹ̀ ní kùtùkùtù, kí ó kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, kí ó dùbúlẹ̀ lórí iyanrìn, kí ó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹyẹ náà yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ súnmọ́ ọn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹyẹ tí a ń lé kiri ń ná ọ̀rá ara tí í ṣe oúnjẹ ìrìn àjò rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe eré lásán. Ní Esiama, ní ilẹ̀ Ghana, àwọn amòye ti fi òrùka aláwọ̀ sí ẹsẹ̀ òmíràn nínú wọn. Àwòrán tí ó mọ́ kedere lè sọ ẹyẹ tí í ṣe gan-an.

Etí òkun kì í sì í dúró sójú kan. Òkun jẹ Bar Beach ní Èkó, ènìyàn sì da iyanrìn sí i láti tẹ Eko Atlantic dó. Bí etí òkun bá ń lọ tí a kò ní ẹ̀rí àwọn ẹyẹ tí ń jẹ níbẹ̀, kí ni a ó fi han àwọn ọmọ wa?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ya àwòrán, kí a kọ ọjọ́ àti ibi tí a ti yà á, kí a bèèrè orúkọ ẹyẹ lẹ́nu apẹja àti ọdẹ wa, kí a sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ilé ìwádìí ẹyẹ A. P. Leventis ní Jos. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lórí iyanrìn Ọ̀ṣun tiwa. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.