“By” Tàbí “To”: Ọ̀rọ̀ Kékeré Tó Lè Da Oògùn Rú

 

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n n kò gbé abẹ́rẹ́ wá lónìí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéékèèké ni mo gbé wá.

Ní èdè wa, ohun tí a fi kún nǹkan yàtọ̀ sí iye tí nǹkan náà dà. Bákan náà ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí dókítà bá ní “increase by 2”, kí ẹ fi 2 kún èyí tí ẹ ń lò ni. Bí ó bá ní “increase to 2”, kí gbogbo rẹ̀ di 2 ni.

Ẹ jẹ́ ká wo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ní Ìlú Ọba níbí, èyí tó ní àwọ̀ búlúù jẹ́ mílígíráàmù 3, èyí tó ní àwọ̀ píǹkì jẹ́ 5. Bí wọ́n bá sọ fún ìyá tó ń lo 3 pé “increase to 5”, píǹkì kan ni yóò lò. Bí ó bá gbọ́ ọ sí “by 5”, 8 ni yóò gbé mì, ẹ̀jẹ̀ sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í dà nínú ikùn tàbí nínú ọpọlọ.

Ọ̀rọ̀ kejì ni “double”. Ní oṣù kẹwàá 1995, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń rí sí ààbò oògùn níbí kìlọ̀ pé àwọn oríṣi oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí kan ń mú ewu kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan pọ̀ ní ìlọ́po méjì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Jìnnìjìnnì bo ọ̀pọ̀ obìnrin, wọ́n pa oògùn tì. Ní 1996, oyún ṣíṣẹ́ pọ̀ sí i ní England àti Wales. Bẹ́ẹ̀, ìlọ́po méjì yẹn kò ju pé ẹnì kan nínú nǹkan bí 7,000 obìnrin di ẹni méjì lọ.

Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ pé nǹkan ti “double”, ẹ béèrè pé: láti iye wo sí iye wo?

Bí ẹ̀yin náà bá ń ṣàlàyé ara yín fún dókítà, ẹ má ṣe sọ pé “three times more”. Ẹlòmíràn á gbọ́ 6 níbi tí ẹlòmíràn gbọ́ 8. Ẹ sọ pé “from 2 to 6”, kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀. Kí ẹ̀yin ọmọ tó ń ṣe ògbufọ̀ fún òbí yín náà gbọ́ o.

Ẹ ní kí wọ́n kọ iye náà sílẹ̀ fún yín. Ẹ má tijú. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.