Aṣọ Tí Ó Wà Nínú Àpótí Wa

(Ọ̀rọ̀ tí Alága àwọn obìnrin sọ ní ìpàdé gbogboogbò ẹgbẹ́, tí a tẹ̀ síhìn-ín fún ìrántí)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ọ̀nà tí ẹgbẹ́ wa lè gbà rí owó fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè. Ọ̀rọ̀ aṣọ àlòkù ni mo mú wá. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ parí.

Ìdí kànga ẹ̀rọ wa ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa ni ó rántí ọjọ́ tí a ṣí i. Agbádá pọ̀, ìlù dún, a sì kọ orúkọ àwọn tí ó dá owó sí ara ògiri rẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí ẹ̀rọ tí ń fa omi fi bàjẹ́. Owó tí a ó fi tún un ṣe kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí a fi gbẹ́ ẹ, síbẹ̀ ọdún kejì rèé tí ó ti wà bẹ́ẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí kànga àwọn aládùúgbò bá ti gbẹ, àwọn ọmọ wa, àti ọmọ Berom, àti ọmọ Haúsá, àti ọmọ Ìgbò tí ó yí wa ká, a máa ru kẹ́ẹ̀gì kọjá níwájú ẹ̀rọ náà lọ sí ọ̀dọ̀ méruwà.

Kì í ṣe pé ẹgbẹ́ wa tòṣì. Ohun tí ó fà á ni pé kò sí ẹni tí yóò dìde níbi ìkówójọ kí ó ní òun fi owó sílẹ̀ fún wáyà àti páìpù, nítorí a kì í kọ orúkọ ènìyàn sí ara wáyà. Owó ìkówójọ a máa kọ́ ilé, ṣùgbọ́n kì í tún ilé ṣe. Owó kékeré tí ń wọlé díẹ̀díẹ̀ ni ó ń ṣe èyíinì, owó bẹ́ẹ̀ gan-an ni a kò sì ní. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ bi akápò wa léèrè: àwọn ìlérí kan wà nínú ìwé rẹ̀ tí ó ti dàgbà tó ọmọ tí ń lọ sí ilé-ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a wá kúrò ní ìdí kànga, kí a wọ inú yàrá wa lọ. Láàárín ọdún kan, aṣọ ẹbí mélòó ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ń rà? Ti ìgbéyàwó, ti ìsìnkú, ti ìsọmọlórúkọ, ti ìwúyè, ti àjọ̀dún ìjọ, ti ẹgbẹ́. A wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, a ká a, a ju kánfọ̀ sí i, ó di inú àpótí. Bí a bá tún pàdé níbi ìnáwó mìíràn, aṣọ mìíràn ni. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo tú àpótí tèmi wò. Ìró àti bùbá mẹ́tàlélógún ni mo kà tí n kò wọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Méjì nínú wọn, n kò rántí òkú ẹni tí mo rà wọ́n fún mọ́. Ọ̀kan kò tilẹ̀ tí ì dé ọ̀dọ̀ télọ̀. Àwọn bàbá wa ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé àwa ti sọ àkísà di ìṣúra.

Iṣẹ́ aṣọ àlòkù kò ṣàjèjì sí mi. Òun ni ìyá mi ṣe ní ìlú yìí nígbà tí mo wà ní kékeré, ní àwọn ọdún 1970. Òkìrìkà ni a ń pè é, láti ara orúkọ ìlú Okrika tí ó wà nítòsí Port Harcourt, níbi tí bélì aṣọ ń gbà wọlé láti ojú omi. Àwọn kan nílé ń pè é ní bọ́síkọ̀nà. Àwọn Haúsá ń pè é ní gwanjo, ó sì sún mọ́ gbàǹjo tiwa. Ìyá mi mọ ohun kan tí àwọn tí ó ń tà á ní ilẹ̀ gbígbóná kò níláti mọ̀: ìlú Jos ga ju 1,200 mítà lọ sí òkè ojú òkun, ọyẹ́ ibẹ̀ kò sì mọ ọlọ́lá. Ní oṣù kẹjọ, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tí ì ronú kan súwẹ́tà, òun a ti ra bélì súwẹ́tà àti kóòtù sílẹ̀. Bí ó bá di oṣù kọkànlá, àwọn ènìyàn a máa to síwájú rẹ̀.

Bélì dà bí obì tí a kò tí ì là; a kì í mọ inú rẹ̀ kí a tó san owó. Ìyá mi a tú u, a ṣà á sí ọ̀nà mẹ́ta. Èyí tí ó dára a fọ̀ ọ́, a lọ̀ ọ́, a gbé e kọ́. Èyí tí bọ́tìnnì tàbí sípù rẹ̀ ti já a tún un ṣe. Èyí tí ó ti ya jù a tà á fún àwọn mẹkáníìkì láti fi nu ọwọ́. Kò sí èyí tí ó ń ṣòfò. Owó yẹn ni ó rán mi lọ sí ilé-ìwé tí mo fi di olùkọ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá béèrè ohun tí ìyá mi ń tà, aṣọ tuntun ni mo ń wí. Títí di òní, ó ń dùn mí pé ojú tì mí nígbà náà.

Ẹ má ṣe rò pé bélì ni mo ní kí ẹgbẹ́ lọ rà o. Ìjọba àpapọ̀ ti ka aṣọ àlòkù mọ́ ọjà tí a kò gbọdọ̀ kó wọ orílẹ̀-èdè yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń gba Kútọnu wọlé lójoojúmọ́. Kò yẹ kí ẹgbẹ́ ọmọlúàbí fi ọjà fàyàwọ́ fa omi. Aṣọ tí ó wà nínú àpótí wa ni mo ń sọ, èyí tí a ti san owó rẹ̀ tán.

Àwa kọ́ ni yóò kọ́kọ́ ṣe é. Ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ní 1902, oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì kan tí ń jẹ́ Edgar Helms bẹ̀rẹ̀ sí gba aṣọ àti ohun èlò àlòkù lọ́wọ́ àwọn ọlọ́rọ̀. Kò pín in fún àwọn tálákà lásán. Ó gbà wọ́n sí iṣẹ́ láti tún un ṣe, ó sì tà á láti fi san owó ọ̀yà wọn. Iṣẹ́ náà ni ó di Goodwill. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Oxfam tí a dá sílẹ̀ ní 1942 ṣí ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ta ohun tí àwọn ènìyàn fi ta á lọ́rẹ, owó rẹ̀ sì ń lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ebi ń pa. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí ó kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti ra kóòtù òtútù àkọ́kọ́ wọn ní irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ ní sọ fún yín.

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn kan ṣáájú òní, mo sì gbọ́ èsì wọn. Àwọn kan ní ta ni yóò wọ aṣọ ẹbí ẹlòmíràn. Láti ìgbà tí a ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, ẹ̀yin náà mọ iye tí ọ̀pá àǹkárá kan ti dà. Òǹrajà yóò wà. Àwọn kan ní aṣọ òkú ni. Àwọn ará wa tí ó ti Gánà dé ní 1969 mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, aṣọ òyìnbó tí ó ti kú, síbẹ̀ wọ́n ń wọ̀ ọ́. Kí a tilẹ̀ fi ti Gánà sílẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2001, nígbà tí rògbòdìyàn dé bá ìlú yìí, tí àwọn ènìyàn sá jáde ti àwọn ti aṣọ kan ṣoṣo lára, ta ni ó béèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ wọ aṣọ tí a fún un?

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé a lè fi aṣọ àwọn ṣe ibi sí àwọn. N kò ní fi ẹ̀rù ẹnikẹ́ni ṣe ẹ̀sín. Inú agbada kan náà ni a ó ti fọ gbogbo rẹ̀, a kò sì ní kọ orúkọ sí aṣọ. Bí ọkàn rẹ kò bá sì balẹ̀ síbẹ̀, èyí tí o kò tí ì rán ni kí o mú wá.

Èsì tí ó wúwo jù ni ti àwọn aláṣọ àárín wa, tí wọ́n ní a fẹ́ ba ọjà àwọn jẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn ní òótọ́ nínú. A rí bí àwọn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ní Kàdúná ṣe kógbá sílé, aṣọ pọ́ọ́kú láti òkèèrè sì wà nínú ohun tí ó fà á. Nítorí náà, ọjọ́ Sátidé mẹ́rin péré ni mo bẹ̀bẹ̀ fún nínú ọdún, kí ó má sì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ ọdún Iléyá tàbí ti Kérésìmesì tí wọ́n ń tajà. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ télọ̀ wa ni yóò máa tún aṣọ ṣe, a ó sì san owó fún wọn.

Bí ọgọ́rùn-ún ilé bá mú aṣọ márùn-ún márùn-ún wá, 500 nìyẹn. Bí a bá ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦2,000, mílíọ̀nù kan náírà ni. Kò lè kọ́ gbọ̀ngàn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, ìkówójọ wa ṣì níláti wáyé. Ṣùgbọ́n ó lè mú omi padà wá, kí ó sì kù díẹ̀ sílẹ̀ de ìgbà tí ẹ̀rọ náà yóò tún bàjẹ́, nítorí yóò tún bàjẹ́. Ẹ̀gbẹ́ kànga náà gan-an ni kí a ti tà á, kí àwọn aládùúgbò tí yóò rajà lè fi ojú ara wọn rí ibi tí owó wọn ń lọ. Ẹni mẹ́ta ni yóò máa ka owó, kí ọ̀kan má ṣe bá èkejì tan. A ó fún ẹni tí ó mú aṣọ wá ní ìwé ẹ̀rí, a ó sì ka ìṣirò rẹ̀ ní ìpàdé oṣù. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ nìkan ni a kò ní gbà. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ yẹ àpò aṣọ wò kí ẹ tó kó o wá.

Àpò ńlá tí ó wà lábẹ́ tábìlì Alága yẹn, èmi ni mo gbé e wá. Mẹ́tàlélógún ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin Akọ̀wé, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀.