ÌBÒ TÍ SÁJẸ́ǸTÌ GBÀ PADÀ FÚN ỌLỌ́HUN
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ará Apọ́ngbọ̀n sọ

 

Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Ẹ ní, "Ìbò ò wúlò mọ́, kí sójà wá gbàjọba ló kù." Ebi ló ń sọ̀rọ̀, n ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan. Àwọn Sàró tó tẹ̀dó sí Olówógbówó, ẹ̀gbẹ́ wa níhìn-ín, láti Sierra Leone ni wọ́n ti wá. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní oṣù kẹta ọdún 1967, wọ́n dìbò níbẹ̀. Ẹgbẹ́ alátakò Siaka Stevens borí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ búra fún un tán ni ọ̀gá ológun, Bìrìgédíà Lansana, ní kí wọ́n mú un. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀gá ológun mìíràn mú Lansana náà, wọ́n sì fi Juxon-Smith jẹ olórí ìjọba. Ó di ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1968 kí àwọn sájẹ́ǹtì àti ọmọ ogun kékeré tó dìde. Wọ́n ń ráhùn pé owó oṣù àwọn ò tó nǹkan. Wọ́n ti ọ̀gá wọn mọ́lé, wọ́n dá ìjọba padà fún Stevens.

Ẹ ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Ó dáa bẹ́ẹ̀!" Ẹ mú sùúrù. Ní 1978, Stevens yìí kan náà fòfin de gbogbo ẹgbẹ́ yòókù. Nígbà tó sì di ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1997, kọ́pùrà kan bọ́ sórí rédíò, ó ní ìjọba Tejan Kabbah, tí aráàlú dìbò yàn ní 1996, ti parí. Wọ́n mú Méjọ̀ Johnny Paul Koroma jáde lẹ́wọ̀n láti ṣe olórí, wọ́n pe àwọn ọlọ̀tẹ̀ inú igbó wọ ìlú. Kabbah sá lọ Guinea. Àwọn sójà Nàìjíríà, ọmọ tiwa, ló lọ jà kó tó padà dé ní 1998. Ọ̀pọ̀ wọn ò padà wálé.

Ìbọn kan náà ni. Lọ́jọ́ kan ó dá ìbò padà, lọ́jọ́ mìíràn ó gbà á. Kò bi aráàlú léèrè lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ẹni tó gba ẹrù rẹ lọ́wọ́ olè, tí kò gbé e lé ọ lọ́wọ́, ṣé kì í ṣe òun náà ló wá ni ẹrù?

Nítorí náà, ẹ lọ gba káàdì ìdìbò yín. Ẹ má tà á. Lọ́jọ́ ìdìbò, ẹ má kàn tẹ̀ka kí ẹ máa lọ sílé. Ẹ dúró kí wọ́n ka ìbò lójú yín, kí wọ́n lẹ èsì mọ́ ibi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i. Bí ẹgbẹ́ tiwa bá sì wọlé tí a ṣe àṣejù, ọ̀nà yìí kan náà ni kí ẹ fi lé wa jáde.

Ará Apọ́ngbọ̀n, ẹ fọwọ́ ara yín ṣọ́ ìbò yín. Ire o!