Ta ní ń ṣọ́ odò nígbà tí àlejò bá ti lọ?

 

Ọ̀pọ̀ nínú wa ń kó owó jọ láti lọ sí Òṣogbo fún ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ní 2005 ni UNESCO fi Igbó Ọ̀ṣun kún àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé. Igbó náà kò ju ẹ́kítà 75 lọ. Lẹ́yìn ọdún, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni iye èrò tó wá. Ṣùgbọ́n iye èrò kọ́ ni ìlera odò.

Omi yẹn ti pọ́n. Àwọn tó ń wa góòlù lókè odò, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ń da ẹrẹ̀ sínú rẹ̀. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn olùjọ́sìn pé kí wọ́n má mu ún. Omi tí àwọn ìyá wa ń bù fún àgàn! Òfin ń dáàbò bo igbó, ṣùgbọ́n láti Èkìtì ni odò ti ń ṣàn bọ̀, kò bẹ̀rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà igbó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ ibi tí àlejò ń lọ gbọ́dọ̀ ṣọ́ gbogbo agbègbè rẹ̀.

Àjọ tó ń rí sí ìrìn-àjò afẹ́ ní àgbáyé ti dá ẹgbẹ́ àwọn ibùdó ìṣọ́ sílẹ̀ láti 2004 fún irú iṣẹ́ yìí. Nǹkan 11 ni wọ́n ní kí á máa wò. Omi wà níbẹ̀, ìdọ̀tí wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọmọ onílùú wà níbẹ̀, àti bóyá inú ará ìlú dùn sí wíwá àlejò. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló wọ̀ mí lọ́kàn. Ta ni nínú wa ló ti bi ìyá tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà rí?

Èmi náà jẹ̀bi. Ike omi tí mo mu nígbà tí mo lọ, n kò mọ ibi tó já sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni níhìn-ín, ní Rio Vermelho, àwa la ń sọ fún ara wa ní ọjọ́ kejì oṣù kejì pé kí á má ju ike àti dígí sínú òkun fún Yemọja.

Ẹni tó bá ń lọ, kó mú ìwé kékeré dání. Kó kọ àwọ̀ omi sílẹ̀, kó ya fọ́tò rẹ̀ níbì kan náà, kó kọ ẹni tí owó rẹ̀ bọ́ sí lọ́wọ́. Ẹ kó o fún akọ̀wé wa kí oṣù kẹsàn-án tó parí. A ó fi wé ti ọdún tó ń bọ̀, a ó sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àwọn ará wa ní Òṣogbo.

 Oore yèyé o!